Lẹ́tà kúrò nílé, òwe jókòó sílé

Ìdílé Crowther àti Macaulay ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ lónìí, torí bí ẹ bá ń wá ìdílé Yorùbá kan tí ìwé wọn pọ̀ débi pé a lè tọ ipa wọn láti orí ọmọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú títí dé orí owó náírà, àwọn ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí náírà kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1979, bàbá onírunmú ńlá tó wà lára ẹ̀ yẹn, Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther ni. Abigail tó bí i, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ni. Thomas Babington Macaulay tó jẹ́ bàbá ẹ̀ ló dá CMS Grammar School sílẹ̀ l'Ékòó lọ́dún 1859. Èyí náà kọ́ ni mo fẹ́ sọ ṣá, torí ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ ọ nílé ìwé. Ohun tí wọn ò kọ́ wa nílé ìwé ni báwo la ṣe wá mọ gbogbo nǹkan tá a mọ̀ nípa àwọn èèyàn yìí, ta ló tọ́jú ìwé wọn, ibo ló wà, kí ló sì dé tí ìtàn àwọn ìdílé míì tí wọ́n jọ gbé ayé nígbà yẹn, tí wọ́n lówó jù wọ́n lọ ti ẹ̀, fi di àwátì.

Lẹ́tà kan ni kí n fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù kejì ọdún 1837, Àjàyí jókòó ní Fourah Bay ní ilẹ̀ Sàró, ó kọ̀wé sí àlùfáà kan tó ń jẹ́ William Jowett, akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ̀n CMS ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì tó ẹni ọgbọ̀n ọdún. Ó ní òun rò pé á wu ọ̀gá láti mọ bí òun ṣe dé Sàró, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn ọjọ́ tí ogun kó Òṣogùn, ìlú tí wọ́n bí i sí, ní 1821. Àárọ̀ ni, àwọn obìnrin ń dáná lọ́wọ́, nígbà tí ariwo ta pé ọ̀tá ti dé. Ó sọ bí òun ṣe rí bàbá òun kẹ́yìn, pé ojú ìjà ló ti sáré wá sọ fún wọn pé kí wọ́n máa sá lọ, ló bá tún padà síbẹ̀. Ó sọ bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, bí wọ́n ṣe ń tà á láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíì títí ó fi bá ara ẹ̀ l'Ékòó. Ó tún wá sọ ohun kan tí ọ̀pọ̀ bàbá tó bá ti dẹni ńlá ò ní jẹ́ kó jáde lẹ́nu láéláé, pé nígbà tí òun gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tà òun lọ sílẹ̀ Pópó, òun pinnu pé ó sàn kí òun kú, òun fi ọ̀já ara òun sọ́rùn lóru láti fi yín ara òun lọ́rùn, àmọ́ òun ò láyà láti fà á le.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí i. Ṣé ẹ rò pé ọkùnrin yẹn á jókòó láàárín ọmọ àti ọmọ ọmọ kó máa fi èyí pa ìtàn? Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá tó wà lókè òkun, tí kò ní fojú kàn án lọ́la, ló kọ ọ́ sí. Ọ́fíìsì tó gba lẹ́tà yẹn kì í da ìwé nù, wọ́n tọ́jú ẹ̀, nígbà tó sì di 1842 wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìwé ìrìn àjò tí òun àti Schön, míṣọ́nnárì ará Jámánì kan, kọ nípa ọkọ̀ tó gba odò Ọya lọ ní 1841. Bí a ṣe ní i lónìí nìyẹn.

CMS yìí, ẹnikẹ́ni tó bá ń bá wọn ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ dáyárì, kó sì máa fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù, yàtọ̀ sí lẹ́tà tí wọ́n ń kọ lọ́dọọdún. Dandan ni, kì í ṣe pé ó wù wọ́n. Mo máa ń rò ó pé iṣẹ́ àṣekúdórógbó lójú àwọn tó ń kọ ọ́ nígbà yẹn, o ti wàásù látàárọ̀, o ti parí ìjà láàárín àwọn ọmọ ìjọ, ibà ń ṣe ẹ́, o tún gbọ́dọ̀ tan fìtílà kó o máa kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Túsìdé fún ọ̀gá tí kò mọ Abẹ́òkúta yàtọ̀ sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tipátipá yẹn ló jẹ́ kí àwa mọ bí ọjà ṣe rí, iye tí wọ́n ń ta nǹkan, ẹni tó bá ẹni jà, ẹni tó kú, ní ìlú tí kò tíì sí ìwé ìròyìn kankan. Yunifásítì Birmingham ni ìwé ẹgbẹ́ yẹn wà báyìí, àpótí lórí àpótí, díẹ̀ nínú ti míṣọ̀n ilẹ̀ Yorùbá sì wà ní National Archives n'Íbàdàn, inú ọgbà UI níbẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1862, iná jó ilé Crowther l'Ékòó. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí bàbá yìí ti ń kó ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá jọ, látìgbà tó ti tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀ kẹ́yìn, gbogbo ibi tó bá rìnrìn àjò dé títí kan Ràbà létí odò Ọya ló ti ń kọ wọ́n sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ jóná pátá. Ó kọ̀wé sí Lọ́ńdọ̀nù pé ìyẹn dun òun ju gbogbo ohun tó bá iná lọ, torí owó ò lè rà á padà, orí òun ò sì lè rántí gbogbo ẹ̀ mọ́. Ṣé ẹ rí i? Òwe ti lọ, lẹ́tà tó fi sunkún òwe ló kù fún wa. Ẹni kan náà ló kọ méjèèjì o, ọwọ́ kan náà, ilé kan náà. Lẹ́tà kúrò nílé, òwe jókòó sílé, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Ìgbà míì tí mo bá rántí àwọn òwe yẹn inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an, mi ò mọ̀ ọ́n rárá, mi ò lè mọ̀ ọ́n, àmọ́ èèyàn tó gbọ́ Yorùbá Òṣogùn láti kékeré, tó gbọ́ ti Abẹ́òkúta, tó gbọ́ ti àwọn Sàró láti ìlú oríṣiríṣi, ẹ fojú inú wo ohun tó máa wà níbẹ̀.

Kí ẹ má tíì fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ mi tán o, torí ìdílé Johnson wà níbẹ̀ tó lè bì í ṣubú. Samuel Johnson, pásítọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́, parí ìwé ìtàn Yorùbá ẹ̀ ní 1897. Gbogbo wa la mọ ìwé yẹn, kódà àwọn tí kò kà á rí ń fi jiyàn lórí Facebook. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́, kò sí èsì gidi, ó sì kú ní 1901 láì rí i. Àbúrò ẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, lọ bá àwọn atẹ̀wé yẹn nílùú wọn, wọ́n ní ìwé náà ti ṣì síbì kan, àwọn ò rí i mọ́, wọ́n ti ẹ̀ ní àwọn ṣe tán láti sanwó ẹ̀! Obadiah fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síwájú ìwé nígbà tó yá pé ọ̀rọ̀ yẹn ṣe òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ní kàyéfì, pé ó jọ pé nǹkan míì wà lábẹ́ ẹ̀. Kí ló ṣe? Ó padà sídìí àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti kọ́kọ́ kọ, àwọn tó wà nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó padà. Nígbà tó ṣe tán ó tún fi ránṣẹ́ ní January 1916, inú ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Appam. Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì gba Appam lójú òkun, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà, ìwé ìtàn Yorùbá wà nínú ẹ̀, ọdún mélòó kan kọjá kí ó tó débi tó ń lọ. Ọdún 1921 ni wọ́n tó rí i tẹ̀.

Nínú ti Johnson, èyí tó jáde ló sọnù, èyí tó wà nílé ló gbà wá. Torí náà kì í ṣe pé òyìnbó mọ ìwé tọ́jú jù wá lọ, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi ọ̀rọ̀ mi sọ ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé tó bá wà níbì kan ṣoṣo ti ń kú lọ, ibi yòówù kó jẹ́. Bí Obadiah bá ti da àwọn àkọsílẹ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ nù torí pé ojúlówó ìwé ti lọ sí ìlú òyìnbó, ó parí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Crowther, torí ibì kan wà tó máa ń dùn mí. Lọ́jọ́ 21 oṣù kẹjọ 1846, l'Ábẹ́òkúta, ó rí ìyá ẹ̀ lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó kọ ọ́ sínú dáyárì ẹ̀ pé nígbà tí màmá rí òun ṣe ni wọ́n ń gbọ̀n, wọn ò gba ojú ara wọn gbọ́, àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láì lè sọ̀rọ̀, omijé ń dà lójú màmá. Ó ní wọ́n di òun lọ́wọ́ mú, wọ́n ń pe òun láwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun máa ń fi pe òun ní kékeré. Ẹ gbọ́, àwọn orúkọ wo? Kò kọ ọ́! Níbi tó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí kò dárúkọ kankan nínú wọn. Torí ta ló ń kọ ọ́ fún? Ọ́fíìsì ní Lọ́ńdọ̀nù ni, kí ni wọ́n fẹ́ fi oríkì ọmọ Òṣogùn ṣe? Lẹ́tà tó kúrò nílé máa ń yè lóòótọ́, àmọ́ ó máa ń wọṣọ àlejò kó tó jáde, ohun tó jẹ́ ti ilé gan-an, tí ará ilé ò tíì ní kí ẹnikẹ́ni kọ, á ṣẹ́kù sẹ́yìn.

Màmá yẹn, Afala lorúkọ wọn, wọ́n ṣèrìbọmi fún wọn ní 1848, wọ́n sọ wọ́n ní Hannah. Ẹnu ọmọ wọn la ti ń gbọ́ gbogbo ohun tá a mọ̀ nípa wọn. Ìyàwó bíṣọ́ọ̀bù, Asano tí wọ́n ń pè ní Susan, tíṣà ni, mọ̀wéé-mọ̀wé ni, síbẹ̀ ẹ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìdílé yìí, ẹ wò ó bóyá ẹ máa gbọ́ ohùn wọn. Mo gbà pé bí a bá tọ́jú ìwé ìdílé kan tán, tí a ò gba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀, ìdajì ìdílé la tọ́jú.

Herbert ní tiẹ̀, ọ̀tọ̀ ni. Òun ò nílò ẹni tó máa fipá mú un kọ̀wé. Ìjọba ló rán an lọ sí Plymouth láàárín 1890 sí 1893 lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀ńjiníà àti ilẹ̀ wíwọ̀n, ó dé, ó ṣiṣẹ́ ìjọba, ó fi sílẹ̀ ní 1898, látìgbà yẹn ló ti ń bá ìjọba fa wàhálà. Èèyàn tó bá ń jà lórí ilẹ̀ mọ̀ pé ìwé ni ohun ìjà. Nígbà tó bá Olóyè Amodu Tijani Oluwa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920 lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ Àpápá, tó gbé ọ̀pá Elékòó, ìyẹn ọba Èkó, dání, kì í ṣe ẹnu dídùn ló gbé lọ, ìwé ni. Privy Council, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Lọ́ńdọ̀nù fún ẹjọ́ àwọn ìlú tí òyìnbó ń ṣàkóso, dá ẹjọ́ yẹn ní 1921 pé ilẹ̀ ti àwọn ará ìlú ni, ìjọba gbọ́dọ̀ san owó gbà-máà-bínú tó yẹ. Àwọn ìwé Macaulay wà ní Kenneth Dike Library ní UI báyìí, lẹ́tà, dáyárì, ìwé ẹjọ́, ìwé ìròyìn, òkìtì. Ẹ ò lè kọ ìtàn òṣèlú Èkó kí ẹ má dé ibẹ̀.

Ohun tó wù mí jù nínú gbogbo ẹ̀ ni pé kì í ṣe ohun tó dáa nìkan ló wà nínú àkọsílẹ̀ ìdílé yìí. Ní 1913 ilé ẹjọ́ dá Herbert lẹ́bi lórí owó ogún ẹlòmíì tó wà níkàáwọ́ ẹ̀, ó ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1928 ó tún ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà lórí ohun tí Lagos Daily News ẹ̀ gbé jáde nípa Elékòó. Bàbá àgbà ẹ̀ náà, ẹni tí wọ́n fi joyè bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní 1864, nígbà tó darúgbó, ní 1890, àwọn òyìnbó míṣọ̀n kéékèèké jókòó lé e lórí l'Ónítṣà, wọ́n ń yẹ àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ wò lójú ẹ̀, wọ́n ń lé wọn kúrò níṣẹ́, kò sì pé ọdún méjì lẹ́yìn náà tó fi kú, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú 1891. Lẹ́tà àwọn tó fi í sùn wà níbẹ̀, èsì tiẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ká ní ìdílé nìkan ló tọ́jú ìwé yẹn ni, lẹ́tà àwọn ọ̀tá ì bá ti di eérú tipẹ́, àwa ò bá máa rò pé ṣe ni bàbá rọra sùn lọ. Torí pé ìwé ìwà ìrẹ́jẹ yẹn ṣì wà ló jẹ́ kí àwọn òpìtàn lè fi hàn pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ.

Ìdílé ńlá wa ò fẹ́ràn èyí. Ohun tí a fẹ́ràn ni ìwé ètò ìsìnkú aláràbarà, níbi tí gbogbo olóògbé ti jẹ́ ọlọ́làwọ́ àti olùfọkànsìn. Wọ́n á tẹ ẹgbẹ̀rún kan, wọ́n á pín in pẹ̀lú jọ́ọ̀gì àti aṣọ inura. Ìwé gidi tí bàbá fúnra wọn kọ á wà nínú àpótí páànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ikán á máa jẹun.

Ìgbà ìsìnkú gan-an ni ewu pọ̀ jù. Ẹ̀yin náà ti rí i rí. Àgbà kú, wọ́n ní kí wọ́n tún ilé kùn kí àlejò tó dé, ọmọ kan á wá ìwé ilẹ̀, ọmọ kan á wá ìwé bàǹkì, ọmọ kan á wá ìwé owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n á tú gbogbo àpótí, ohun tí kò bá ti jọ owó, ó di ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ṣáná sí i. Bí iná ò bá sì jó o, alákàrà á gbà á lọ́wọ́ wọn. Ẹ lọ wo iye lẹ́tà tó ti lọ báyìí ní ilẹ̀ Yorùbá láàárín ọjọ́ ikú sí ọjọ́ ìsìnkú.

Àwọn kan gbìyànjú o. Ìdílé Awólọ́wọ̀ ní láíbìrérì tiwọn ní Ìkẹ́nnẹ́. Ìwé Funmilayo Ransome-Kuti wà n'Íbàdàn, Kenneth Dike Library kan náà, mo sì máa ń dúpẹ́ pé ó wà níbẹ̀, torí gbogbo wa la mọ ohun tí àwọn sójà ṣe ní Kalakuta lọ́jọ́ 18 oṣù kejì 1977, wọ́n ju màmá látojú fèrèsé, wọ́n finá sílé, nǹkan iṣẹ́ Fẹlá jóná níbẹ̀, màmá sì kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 1978. Ilé olókìkí ni ọ̀tá kọ́kọ́ máa ń wá. Ìdí míì nìyẹn tí kò fi yẹ kí ìwé ẹni tó ń bá ìjọba jà wà nílé ẹ̀ nìkan.

Àmọ́ kí n sọ ti Birmingham yìí kó tó bọ́ lẹ́nu mi. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá fẹ́ fọwọ́ kan lẹ́tà tí bàbá bàbá ẹ̀ kọ gbọ́dọ̀ gba físà, kó sanwó bàálù, kí wọ́n bi í ní ẹnu ẹnubodè pé kí ló wá ṣe. Wọ́n ti ya púpọ̀ nínú ẹ̀ sí fíìmù, àwọn yunifásítì kan sì lè ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èèyàn lásán tó jókòó sí Ṣàgámù pẹ̀lú dátà ẹgbẹ̀rún kan náírà kọ́ ni wọ́n ní lọ́kàn. Ìbínú mi kì í ṣe pé wọ́n tọ́jú ẹ̀. Ká ní ẹ̀dà ẹ̀ wà ní gbogbo láíbìrérì ìjọba ìbílẹ̀ tí orúkọ ìlú wọn wà nínú ẹ̀ ni, ìyẹn ni mò ń wí.

Ìdílé tèmi kì í ṣe ìdílé olókìkí, bàbá àgbà mi tíṣà ni wọ́n, ṣùgbọ́n lẹ́tà wọn pọ̀, èyí tí àwọn ọmọ wọn ń kọ láti Lọ́ńdọ̀nù lórí ìwé búlúù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn, tí wọ́n á kọ ọ́ kún dé etí torí àyè ò tó. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí Tíṣà, ló gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀gbin. Wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú láílọ́ọ̀nù tó ti ń mú wọn lóógùn, wọ́n tò wọ́n sínú káádì fáìlì, wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, torí bírò máa ń là á kọjá. Èmi ya gbogbo ẹ̀ ní fọ́tò pẹ̀lú fóònù, mo fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àbúrò mi ní Toronto àti ẹlòmíì n'Íbàdàn. Bí mo bá ń ka ìkan tí ọ̀rọ̀ kan ò yé mi, mo máa ń tẹ Àǹtí Tíṣà láago, mo á sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé, pẹ̀lú oríkì àti èébú tó bá tẹ̀ lé e.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí ni lẹ́tà mẹ́rin kan tí bàbá àgbà kọ nígbà tí wọ́n ń bá àbúrò wọn ṣẹjọ́ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ burúkú wà níbẹ̀. Bùọ̀dá mi àgbà ní ká yọ wọ́n, pé àwọn ọmọ àbúrò bàbá ṣì wà láyé, a jọ ń ṣe ọdún, kí ló dé tá a fẹ́ tú egbò. Àǹtí Tíṣà ní kí wọ́n wà níbẹ̀, kí a kàn má fi han ẹnikẹ́ni títí ìran yẹn á fi kọjá. Èmi ní kí a lọ wá lẹ́tà tí àbúrò bàbá náà kọ, bó bá wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ wọn, kí a tò ó pọ̀ mọ́ tiwa, kí a sì jẹ́ kí àwọn náà ní ẹ̀dà. Bùọ̀dá ti kúrò nínú grúùpù WhatsApp ẹbí lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ti padà wọlé, a ṣì ń fà á.